Ìjàpá ń bẹ̀bẹ̀, Yánníbo dà?

Ọjọ́rú, alẹ́

Orin inú àlọ́ kan ni mo jókòó tì lónìí. Gbogbo wa la mọ àlọ́ náà: Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ, babaláwo se àṣèjẹ, oògùn tí a sè bí ọbẹ̀, fún un, ó gbé e lé Ìjàpá lọ́wọ́ pé kó gbé e relé, kó má tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ ò jẹ́. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ wú, ó sáré padà lọ kọrin ẹ̀bẹ̀.

Mo kọ orin náà sínú ìwé, lílé lápá kan, ègbè lápá kejì. Tí a bá ń kọ ọ́ lórin, àtẹ́wọ́ máa ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá létí wa. Lórí ìwé, èèyàn lè dá ìlà kan dúró kó bi í ní ìbéèrè.

“Ó ní n má mà fọwọ́ kẹ́nu, ó ní n má mà fẹsẹ̀ kẹ́nu.” Ta ló ń fẹsẹ̀ kan ẹnu? Mo rò ó títí. Ó jọ pé babaláwo mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ló ṣe dí gbogbo ọ̀nà. Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló sì ń ka èèwọ̀ náà, kò lè ní òun ò gbọ́. Ibi tó wá gbà ni gbòǹgbò: “Gbòǹgbò ló yọ̀ mí gẹ̀rẹ́.” Ẹ wo bó ṣe ti gbòǹgbò síwájú, tó fi ara rẹ̀ sẹ́yìn! Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ pé òun fọwọ́ kan ọbẹ̀, òun fi kẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún ní, “Mo bojú wokùn, ó rí gbẹ̀ndú.” Ẹni tó kàn fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò, ikùn rẹ̀ ò lè rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ló pe ẹlẹ́rìí tó takò ó.

Ohun tí mo dúró lé lórí pẹ́ jù ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ka orin náà lókè lódò, mi ò rí Yánníbo. “Òògùn tó ṣe fún mi” ló wí. Fún mi! Ẹni tí gbogbo ayé ń kì ní ọkọ Yánníbo, nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀mí, kò dárúkọ ìyàwó rẹ̀ rárá. Ó dùn mí wọra. Àwa tí à ń gbè é ní “Alugbinrin” láti kékeré, ẹ̀bẹ̀ ta ni à ń bá a bẹ̀?

Mo mọ̀ pé bí ilé kan ṣe ń pa àlọ́ kọ́ ni òmíràn ń pa á. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé wa ni mo kọ sílẹ̀. Lọ́la, màá bi màmá àgbà bóyá Yánníbo sọ̀rọ̀ nínú èyí tí wọ́n pa fún wọn ní kékeré, àti bóyá ẹnikẹ́ni lọ sọ fún un pé àṣèjẹ ti tán.