Ọkọ̀ Ńlá Tí Yóò Gbé Màmá Jẹ́jẹ́

Ẹ̀yìn ń dun ìyá mi. Kòtò tí èmi ò tilẹ̀ ní kà sí, màmá á ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n á panu mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ọkọ̀ ńlá tó bóde mu, tí èèyàn mẹ́rin lè nasẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ tí kò ní máa gbọn wọ́n jìgìjìgì.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá òde òní ni wọ́n ṣe kó lè fi eré yí kọ́nà. Sípíríǹgì wọn le, ríìmù wọn sì tóbi gbàǹgbà. Ó dùn ún wò níta o, àmọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń mọ̀ ọ́n lára.

Bí irú ohun tí mo ń wá lẹ̀yin náà ń wá, ẹ má tíì ṣílẹ̀kùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà ara táyà. Ẹ jẹ́ ká mú Lexus ES 350 ti 2019. Èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ ń lo 215/55R17. F Sport, ìyẹn ES 350 tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ eré, ń lo 235/40R19. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Ìkejì ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì. Ẹ ṣírò ó: rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti títì ga tó mìlímítà 118 lára ti àkọ́kọ́, ti ìkejì ò ju 94 lọ. Rọ́bà yẹn àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jìyà kòtò kó tó kan sípíríǹgì.

Mo wa méjèèjì gba orí afárá kan náà, màmá ń bẹ lẹ́yìn. Pẹ̀lú ríìmù 19, gbogbo ibi tí wọ́n ti so afárá náà pọ̀ ló ń dún gbà! gbà! lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tí màmá ń fọwọ́ ti ìjókòó kí ìdí wọn lè fúyẹ́. Pẹ̀lú 17, ìró náà di gbì tó jìnnà réré. Nígbà tó yá wọ́n bi mí pé, "Ṣé a ti kọjá afárá yẹn ni?" Ìṣètò ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa jó ṣáá, lára ọkọ̀ méjèèjì yàtọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó dá mi lójú pé táyà ló ṣe púpọ̀ níbẹ̀.

Citroën, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ nílẹ̀ Faransé, ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ DS jáde ní Paris lọ́dún 1955, òróró àti gáàsì inú bọ́ọ̀lù irin ló gbé e ró dípò sípíríǹgì. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n C5 X wọn ní ohun kan tó wù mí gan-an: bí ṣọ́ọ̀kì bá rìn dé òpin, kì í fi agbára gbá nǹkan; òróró ló ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ní kí n ra èyí tó ń fi àpò afẹ́fẹ́ ṣe sípíríǹgì, bíi Mercedes S-Class. Kò sírọ́ níbẹ̀, ó ń gbéni bí ẹni gbé ẹyin. Ṣùgbọ́n rọ́bà àpò náà máa ń sán bó bá gbó, afẹ́fẹ́ á máa jò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ ò sì ní sinmi títí á fi jóná. Tó bá jẹ́ àlòkù ni, ẹ lọ wò ó ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí igun kan bá ti wálẹ̀ mọ́jú, ẹ máa bá tiyín lọ.

Rírọ̀ náà ní ibi tó mọ. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú náà ń rọ̀, àmọ́ á máa jó sókè sódò, èébì á sì máa gbé ará ẹ̀yìn. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀. Tó bá gòkè tó sì dúró, ó dáa. Ẹ tún wọn afẹ́fẹ́ táyà: ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tó le koránkorán lè ba ọkọ̀ rere jẹ́ mọ́ yín lójú.

ES tó ní ríìmù 17 ni mo ń ná lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó ń tà á ní òun á fi 19 pààrọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè gbayì. Mo ní kó jẹ́ kó wà bó ṣe wà.