Kọ́òdù ni kẹ́ ẹ fi sínú bọ́tìnì, ẹ má fi iye owó sí i

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní agbègbè Sábó n'Íkòròdú, mílíìkì inú agolo kọ́ ló ń mú kí èrò tò gígùn síwájú kaṣíà. Ìyẹn ní barcode, àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà. Búrẹ́dì àárọ̀, ẹyin, ìrẹsì oníkóńgò, ẹja tí wọ́n gbé wá láti Ẹbúté: àwọn wọ̀nyí ni kò ní. Tìtorí wọn ni kíbọ́ọ̀dù POS ṣe wúlò, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù kaṣíà tẹ́ ẹ lè ṣètò bọ́tìnì rẹ̀, kí títẹ ẹyọ kan dúró fún ọjà kan. (Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó létí títì kọ́ là ń sọ o.)

Ì báà jẹ́ iléeṣẹ́ Cherry tàbí PrehKeyTec ló ṣe é, inú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni ètò tẹ́ ẹ bá ṣe fún bọ́tìnì ń wà. Iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní gbàgbé.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn bọ́tìnì sórí pépà. Ọjà tó ń tà jù ni kó sún mọ́ ọwọ́ kaṣíà. Bọ́tìnì ìfagilé gbọ́dọ̀ jìnnà sí ti ìsanwó. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe aládùúgbò ń wá wàhálà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọjà ní kọ́òdù: 101 fún búrẹ́dì, 102 fún ẹyin. Inú sọ́fúwìà ṣọ́ọ̀bù ni iye owó ń gbé. Ohun tó máa wà nínú bọ́tìnì kò ju 1, 0, 1 àti Enter lọ. Bí ẹ bá fi iye owó síbẹ̀, ọjọ́ tí búrẹ́dì bá gbówó lórí, gbogbo káńtà lẹ máa tún ṣe, ẹ sì mọ bí owó búrẹ́dì ṣe ń sáré. Nọ́ńbà òkè ni kẹ́ ẹ lò, torí bí ọwọ́ bá kan Num Lock, ti apá ọ̀tún á di ọfà.

Bí ẹ bá ti kọ ètò bọ́tìnì tán lójú kọ̀ǹpútà, ẹ rántí fi ránṣẹ́ sínú kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, wọ́n á ní kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́.

Ẹ lè tẹ @ kẹ́ ẹ rí ". Ibi tí bọ́tìnì wà ni kíbọ́ọ̀dù ń sọ, Windows ló ń pinnu àmì tó jẹ́. Bí Windows bá wà lórí ìtò kíbọ́ọ̀dù UK, tí ẹ sì ṣètò bọ́tìnì bíi ti US, @ á di ", # á di £. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì bára mu.

Àléébù tó ṣòro jù láti rí ni kí kíbọ́ọ̀dù yára ju sọ́fúwìà lọ. Ká ní bọ́tìnì kan rán F8 láti ṣí àpótí tí wọ́n ń kọ iye ọjà sí lójú kọ̀ǹpútà, tó sì rán 12 tẹ̀ lé e kí àpótí náà tó ṣí: 1 á sọnù, 2 nìkan á wọlé. Kaṣíà á ta ẹyin méjìlá bíi méjì. Ẹ fi ìdádúró sáàárín wọn, nǹkan bíi 200 sí 300 mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Notepad, ibi ìkọ̀wé lásán inú Windows, kò ní fi àléébù yìí hàn yín, torí náà ẹ dán an wò nínú sọ́fúwìà ṣọ́ọ̀bù gan-an.

Bí ìdérí ńlá kan (ike tí ọwọ́ ń tẹ̀) bá jókòó lórí bọ́tìnì méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi ètò sí, kí ọjà má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Pépà abẹ́ ìdérí tó ń sọ orúkọ ọjà, ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà tẹ̀ ẹ́. Yíǹkì olómi máa ń ṣàn bí ọwọ́ bá tutù.

Ẹ tọ́jú fáìlì ètò náà sínú fíláàṣì, torí bí kíbọ́ọ̀dù bá kú, òun lẹ máa fi sínú tuntun. Bí wáyà rẹ̀ bá sì jẹ́ PS/2, ìyẹn ẹlẹ́nu roboto àtijọ́ tí kì í ṣe USB, ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ tó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà.