Òkú Èkúté Tó Ń Bá Mi Wọ Màíkírà

Ẹ ti gbọ́ bí ọ̀kadà ṣe gbé mi ṣubú ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, tí ọwọ́ mi fi kán, ẹ sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó, n ò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ POP, ẹfun líle tí wọ́n fi di ọwọ́ náà, ni mo bá wá.

Ẹni tí abẹ́ POP ò bá tíì yún rí, kó má sọ pé òun mọ ìyà. Ibi tí ìka ò lè dé gan-an ló máa ń yàn, òru ló sì máa ń jí. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi: ẹ má ki nǹkan kan bọ inú rẹ̀ o, ẹ má da pọ́dà sí i, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò tíì kọjá géètì tí ojú mi ti ń wá ẹyọ ìgbálẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyọ ìgbálẹ̀ dùn! Bí mo bá ti ń fà á lọ fà á bọ̀, ojú mi á pa dé fúnra rẹ̀, itọ́ á fẹ́ já bọ́. Ìyá Ṣadé á ní kí ọmọ jáde kúrò ní pálọ̀. Nígbà tí ọ̀kan kán sínú, mo fi òmíràn wá a. Ìyẹn náà kán. Mo ní ìgbálẹ̀ ayé ìsinsìnyí ò lágbára mọ́, mo mú bírò. Bírò jáde, ìdérí rẹ̀ ò jáde. Nígbà tó yá ibẹ̀ ń ta mí, ó tún ń tutù, mo bá da pọ́dà ọmọ sí i kó lè gbẹ. Ọgbọ́n àgbà.

Kò pẹ́ tí òórùn fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ní èkúté ló kú sílé. A yí bẹ́ẹ̀dì, a tú gbogbo ẹrù abẹ́ rẹ̀, èmi ọlọ́wọ́ kan ni mo ń ti fìríìjì. A ò rí nǹkan kan. Mo bá aládùúgbò tó ń ta irú jà, mo ní kó gbé ọjà rẹ̀ jìnnà sí ojú fèrèsé mi. Ìyá Ṣadé ló kọ́kọ́ fura: "Bàbá Ṣadé, kín ló dé tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, èkúté yìí máa ń bá yín lọ?" Mo ní kó má fọ̀rọ̀ ṣeré.

Inú màíkírà, takisí kékeré wa, ni àṣírí ti tú, láti Sángo lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó wa mọ́ra wọn. Ìyá àgbà kan gbé apẹ̀rẹ̀ pọ̀nmọ́ lé ẹsẹ̀. Ẹnìkan ní, "Kín ló ń rùn báyìí?" Kó tó pa ẹnu dé, mo ti nàka sí pọ̀nmọ́. Mo wàásù ìmọ́tótó fún ìyá yẹn títí a fi kọjá Mọ́kọ́lá, dírẹ́bà ń gbè mí. Wọn ò fèsì. Wọ́n gbóòórùn pọ̀nmọ́ wọn, wọ́n gbóòórùn bọ̀ọ̀dá tó jókòó sáàárín wa, wọ́n wá na ọrùn dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n dúró síbẹ̀.

"Ọmọ mi, pọ̀nmọ́ tèmi ti jinná. Tọwọ́ tìẹ ni wọn ò tíì sè."

Dírẹ́bà ò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n ṣáà bọ́ọ́lẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ayùn oníná jáde, mo ké kó tó tàn án. Ó ní kì í yí, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, nǹkan líle ló ń gé, awọ ara tó rọ̀ á kàn máa bá a mì ni. Ó fi kan àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kí n rí i. Mo ṣì ké. Nígbà tí POP là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù: ẹyọ ìgbálẹ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀, ìdérí bírò, pọ́dà tó ti dì bí ẹ̀kọ, àti ẹ̀pà kan tí mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Nọ́ọ̀sì tò wọ́n sínú abọ́ irin, ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò. "Sà, ṣé ẹ ń kó lọ sílé tuntun ni?"

Wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà, wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n di POP tuntun, wọ́n sì la fèrèsé sójú egbò. Bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á dá ohun tí wọ́n gé padà sójú ihò, wọ́n á fi báńdéèjì dì í, torí bí wọ́n bá fi ihò sílẹ̀, ẹran ara lè wú yọ níbẹ̀. Bó bá yún mi, kí n máa fi ìka kan ìta rẹ̀. Bí ìka bá wú, tí mi ò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí tó bá tún ń rùn, kí n máa bọ̀ kíá, kí n má lọ ti fìríìjì.

Ṣùgbọ́n wèrè tèmi ò tó ti ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ọ̀jẹ́. Wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ mi ti ní fèrèsé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òyìnbó, àwọn mọ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá á dá adìẹ lẹ́sẹ̀, á máa tọ́jú èmi àti adìẹ pọ̀. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ọwọ́ mi ti san nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ló kán o. Ṣé ẹsẹ̀ adìẹ ni wọ́n máa dá ni, àbí apá?"

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní àwọn á bi bàbá.

Nígbà tí wọ́n máa padà wá, wọ́n ti ra àkùkọ dání. Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀, ó kí wọn káàbọ̀, ó gba àkùkọ, ó gba kíṣìnnì lọ. Ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé agbára bàbá fún mi títí àmàlà fi dé. Apá méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ mú.