Ẹsẹ̀ bàtà 3, 4, 5

Àná ni mo bá bọ̀dá mi dé ibi tí wọ́n ti ń ta okùn ìpìlẹ̀ ilé wọn l'Ómù-Àrán, bàbá bíríkìlà kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti igun tí okùn méjì ti pàdé, wọ́n fi téèpù wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára okùn kan, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, wọ́n wọn 4 lára okùn kejì, wọ́n wá ní kí n di ẹnu téèpù mú, a nà án láti àmì kan dé èkejì. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 2. "Tísà, igun yìí ti là jù, sún èèkàn yẹn wọlé díẹ̀." Mo sún un títí ó fi jẹ́ 5 géérégé, igun náà wá gún régé bí igun ìwé.

Háà! Òfin Pythagoras, ti onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan gún régé, tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa nìyẹn o! 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, ro wọ́n pọ̀ ó di 25, 5 lọ́nà 5 náà nìyẹn. A há a sórí bí ewì, kò sẹ́ni tó fún wa ní okùn rí. Ó dùn mí gan-an ni, torí bí èmi náà ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Mo ti tọrọ èèkàn mẹ́rin lọ́wọ́ bàbá. Tó bá di Mọ́ńdè, pápá la máa wà.