Ojú ló ń tì mí, Mọ́mì

Nírọ̀lẹ́ àná, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń dirun fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9. Ṣùkú ni mò ń dì. Mi ò tíì dé ìdajì tó fi já orí ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, tó sì ju òòyà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. "Obìnrin kì í bínú báyìí!" Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo gbé e mì. Mo bi í pé, "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé inú ló ń bí ẹ, àbí nǹkan kan ló dùn ẹ́?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá fọwọ́ kan ọ̀fun ẹ̀. "Inú ò bí mi, Mọ́mì. Ojú ló ń tì mí. Ibí yìí ló há sí." Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló firun ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì.

Ọwọ́ kékeré yẹn, lọ́fun ẹ̀, ò tíì kúrò lójú mi. Èdè wa ti bá wa pín ìmọ̀lára wa: inú ní í bíni, ojú ní í tini, àyà ní í já, ara ni kì í balẹ̀. Ó yẹ ká máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa lórúkọ ìmọ̀lára wọn, bá a ṣe ń kọ́ wọn lórúkọ ewébẹ̀ lọ́jà.

Ó gbórí lé itan mi, ó sunkún díẹ̀. Láàárọ̀ yìí, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n wá parí ṣùkú òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin nílé, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Kí lẹ sọ fún un?