Ẹ Bá Mi Yọ̀: Ẹni Tó Ń Di Ìwé Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ti Di Ọ̀mọ̀wé

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga o! Àná ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Olùkọ́ yunifásítì ni mí báyìí. Ọdún 11 ni mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú di àpilẹ̀kọ oníkálùkù kí n tó kọ tèmi.

Ìyá mi nínú iṣẹ́ ìwádìí, ẹ ṣeun, mà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé àtijọ́ méjì wá pé kí n tún un dì, mo kàn bi wọ́n ni: kí ló dé tí èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ṣì le gírígírí, tí èyí tó jẹ́ àbúrò ń fọ́ bí ewé gbígbẹ? Wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe pépà tẹ́lẹ̀, pé láti nǹkan bí ọdún 1850 ni igi ti gbapò rẹ̀, àti pé álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sí i kí tàdáwà má baà ràn ló ń di ásíìdì tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n wá ní, "Ìbéèrè rẹ yìí tó gboyè ọ̀mọ̀wé."

Ẹ̀yin tí ẹ ní gọ́ọ̀mù ti ràn mí lórí, mo gbọ́ yín nígbà náà. Ṣé ìdìwé kọ́ ni Michael Faraday, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, kọ́, láti ọmọ ọdún 14? Ìwé tó ń dì náà ló ń kà. Lọ́dún 1812 ó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Humphry Davy, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dì í, ó fi ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi di 1813, ó ti ń bá a ṣiṣẹ́. Kò wọ yunifásítì kankan rí.

Ọjọ́ ìgbèjà àpilẹ̀kọ ni ẹ̀rù fẹ́ẹ̀ pa mí. Olùdánwò tó ti ìta wá bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ásíìdì ni, pé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́?" Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Gbogbo ohun tí mo kọ fò lọ. Ọwọ́ mi ló gbà mí. Ó kàn na ara rẹ̀ sí ìwé méjèèjì tí mo gbé dání. Mo ṣẹ́ igun ewé òfìfo kan nínú ìwé tó jẹ́ àbúrò síwájú, mo ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó já bọ́ sórí tábìlì. Mo ṣẹ́ ti ẹ̀gbọ́n títí ọwọ́ fi ń ro mí, kò já. Mo ní, "Sà, inú àpótí kan náà ni wọ́n jọ wà, ní pípadé. Ìmọ́lẹ̀ ò kan ìkankan. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń gbà." Wọ́n mú èyí tó já, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà ibòmíràn bọ̀ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Alábòójútó tí kì í dá èsì padà, ẹ tètè sá fún un.

Lálẹ́ òní, àpilẹ̀kọ tèmi ni mo ń dì. Inú mi ò gbà kí ẹlòmíràn bá mi dì í. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, ti ìyá mi yẹn ni.