Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ọ̀rọ̀ "ẹni ńlá" nínú Gíríìkì Májẹ̀mú Tuntun

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má gbé ìwàásù ka orí megas, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún "ńlá", nìkan. Ìjì ńlá Máàkù 4:37 ń jẹ́ megalē (megas kan náà ni, ìparí rẹ̀ ló yí padà), ìdákẹ́rọ́rọ́ tó tẹ̀ lé e ní ẹsẹ 39 náà ń jẹ́ megalē. Símónì onídán sì pe ara rẹ̀ ní megas nínú Ìṣe 8:9. Ẹ wo gbólóhùn tó yí i ká.

Meizōn, "tó tóbi ju èkejì lọ", ló kọ́kọ́ máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ìwé gírámà á ní ó wà fún fífi nǹkan méjì wéra, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjìlá ni Jésù pè lórí àríyànjiyàn Máàkù 9:34, ta ló tóbi jù láàárín wọn. Gíríìkì ayé ìgbà náà ti ń fi meizōn sọ "ẹni tó ga jù lọ". Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni megistos, ọ̀rọ̀ tí gírámà yà sọ́tọ̀ fún "tó ga jù lọ", jáde nínú Májẹ̀mú Tuntun, ní 2 Pétérù 1:4. Lúùkù 22:24 wá fi dokei kún un: ta ni a ń kà sí ẹni ńlá jù? Ọ̀rọ̀ ojú ayé ni. Ẹ má fò ó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà ní Máàkù 10:42. Oníwàásù á ní kata, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣáájú katakyrieuō ("jẹ gàba lé lórí"), ló gbé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wá. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 1:28 nínú Májẹ̀mú Láéláé ti Gíríìkì: ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni Ọlọ́run fi súre fún ènìyàn pé kó káwọ́ ayé. Lúùkù 22:25 tilẹ̀ yọ kata kúrò, ìbáwí náà kò sì rọ̀. Ouch houtōs, "kò rí bẹ́ẹ̀" láàárín yín, ló gbé ẹrù gbólóhùn náà. Lúùkù tún mẹ́nu kan euergetai, "olóore", oyè tí àwọn ọba ń jẹ́. Ptolemy Kẹta ti Íjíbítì (246 sí 222 ṣáájú Kírísítì) jẹ ẹ́.

Ní Máàkù 10:43 àti 44, ẹ fi ìlà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Megas di prōtos, ẹni àkọ́kọ́: ìfẹ́ ọkàn ń gòkè. Diakonos, ìránṣẹ́, di doulos, ẹrú: ipò ń sọ̀ kalẹ̀. "Yín" sì di "gbogbo ènìyàn". Ẹ má ro diakonos sí díákónì ìjọ òde òní. Àwọn tó pọn omi níbi ìgbéyàwó Kánà ń jẹ́ ẹ (Jòhánù 2:9), aláṣẹ ìlú náà ń jẹ́ ẹ (Róòmù 13:4). Ìránṣẹ́ lè ní iyì lára ọ̀gá tó rán an. Ẹrú kò ní nǹkan kan. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Jésù kò bá ẹni tó bá "fẹ́" wí. Ọ̀nà ló fi hàn án.

Ọmọdé tí Jésù mú dúró láàárín wọn ní Máàkù 9:36 ńkọ́? Àìní ipò ló dúró fún, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹsẹ 37 ń sọ nípa gbígbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Máàkù 10:45 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kai gar, "nítorí". Àwọn kan a máa gé e sọ́tọ̀ láti wàásù ìràpadà, wọn a sì fi 43 àti 44 sílẹ̀ bí ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí lásán. Ẹ kà á pọ̀: lytron, owó ìdáǹdè tí a ń san fún ẹrú tàbí ìgbèkùn, ni ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ di ẹrú.